IṢẸ́ ỌWỌ́ FÚN ÀWỌN ỌMỌ KÉÉKÈÈKÉ NÍ ILÉ-KÉWÚ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sọ̀hábà rẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin! Púpọ̀ nínú yín ni ẹ ń bá wa kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-kéwú ní ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú. Àwọn mìíràn nínú yín ti di bàbá tàbí ìyá ọmọ. Ẹ̀kọ́ oṣù yìí wà fún gbogbo yín. Ó dá lórí bí a ṣe lè fi ohun tí kò ná wa lówó púpọ̀ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí ọdún méje, kí kéwú lè dùn mọ́ wọn, kí wọ́n má sì sá fún un.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi. Ní ọdún kìíní tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọmọ ní kéwú ní agbègbè Yewa wa yìí, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Bí a bá ń ka alífù, báà, táà, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Á máa ya ewé ìwé rẹ̀, á máa ká a, á máa tẹ̀ ẹ́. Mo bá a wí títí, ó sú mi, mo sì nà án ní pàṣán. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, kò wá. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo lọ sí ilé wọn. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Àfáà, ẹ má bínú, ìgbàkígbà tí mo bá ti dárúkọ kéwú ni ó máa ń sunkún." Ó wá gbé páálí bàtà kan jáde. Inú rẹ̀ ni ọmọ yìí ń kó àwọn ewé ìwé tí ó ká sí. Ó ti fi wọ́n to mọ́sáláṣí kékeré kan, ó sì ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sí i ní ẹ̀gbẹ́ kí ó dà bí ibi tí a ti ń pe ìrun.

Ojú tì mí. Mo bẹ ìyá, mo sì bẹ ọmọ, ṣùgbọ́n kò padà sí kíláàsì mi títí wọ́n fi kó kúrò ní ìlú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé: bí mo bá ti fún ọwọ́ ọmọ náà ní iṣẹ́ ṣe, ǹjẹ́ kì bá ti sá?

KÍ NI Ẹ̀SÌN WÍ NÍPA ERÉ ỌMỌDÉ?

Àwọn kan yóò sọ pé eré ni gbogbo èyí, àti pé ilé-kéwú kì í ṣe ilé eré. Ẹ jẹ́ kí á wo hádíìsì méjì.

Èkíní ni èyí tí Rubayyi' ọmọbìnrin Mu'awwidh (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gbà wá, tí Bukhari àti Muslim sì mú wá. Ó sọ ìtàn ààwẹ̀ ọjọ́ Áṣúrà ní Mẹ̀dínà. Ó ní àwọn máa ń gba ààwẹ̀ náà, àwọn sì máa ń mú kí àwọn ọmọ wọn kéékèèké gbà á. Wọn a fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń sunkún nítorí oúnjẹ, wọn a fún un ní ohun ìṣeré náà títí àkókò ìṣínu yóò fi tó. Ẹ ṣe àkíyèsí rẹ̀ dáadáa: ìjọsìn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n sì fi ràn án lọ́wọ́. Wọn kò nà án kí ó lè dákẹ́.

Èkejì ni ti ìyá wa Aishah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Ó wà nínú ìwé Abu Dawud pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rí àwọn ọmọláńgidi rẹ̀, ó sì rí ẹṣin kan láàárín wọn tí ó fi àkísà ṣe ìyẹ́ apá méjì fún. Ó bi í léèrè ohun tí èyí jẹ́. Aishah dáhùn pé ṣé Ànábì kò tíì gbọ́ pé Ànábì Sulaimón ní àwọn ẹṣin tí ó ní ìyẹ́ ni. Ànábì rẹ́rìn-ín títí tí eyín rẹ̀ inú lọ́hùn-ún fi hàn. Kò fọ́ ọ, kò sì bá a wí.

Àwọn onímímọ̀ ní ọ̀rọ̀ lórí yíya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yọ ti ohun ìṣeré ọmọdé sílẹ̀ nítorí hádíìsì yìí, àwọn mìíràn kò sì fẹ́ ẹ. Kí iyàn má baà wà láàárín wa, kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan nínú iṣẹ́ mẹ́rin tí mo fẹ́ kọ́ yín.

Ẹ má sì gbàgbé pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀tẹ́. Ànábì Nuhu kan ọkọ̀, Ànábì Dawuda rọ ẹ̀wù irin, Ànábì Zakariyya sì jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.

BÍ ÀWỌN ÀGBÀ WA ṢE Ń ṢE É

Àwọn àfáà wa àtijọ́ kò ra gbogbo ohun èlò kéwú ní ọjà. Pákó ni wọ́n gbẹ́ ṣe wàláà. Èédú àti oje igi ni wọ́n fi ṣe tàdáwà. Ọparun tàbí pòròpórò ọkà ni wọ́n gé ṣe gègé. Ọmọ kéwú mọ bí a ti ń fọ wàláà rẹ̀ kí ó tó mọ bí a ti ń kọ ọ́. Nígbà tí ìwé títẹ̀ àti báírò dé, ó rọrùn fún wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ di òfo.

Àwọn aláwọ̀ funfun pàápàá ti rí ọgbọ́n yìí. Ní 1837 ni Friedrich Fröbel dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀ ní Jámánì, níbi tí kíká ìwé, híhun nǹkan àti fífi amọ̀ mọ nǹkan ti jẹ́ ara ẹ̀kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa, tí òun náà jẹ́ Mùsùlùmí, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, tí ó jáde ní 1974, pé ní ilẹ̀ wa láyé àtijọ́, ṣíṣe ni ọmọdé fi ń kọ́ nǹkan. Ní ìtòsí wa níbí náà, nígbà tí a dá ilé ẹ̀kọ́ Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò ní 1963, èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí ìwé kíkà àti iṣẹ́ ọwọ́ jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Bí ó bá dára fún ọmọ ilé ìwé, kí ló dé tí kò ní dára fún ọmọ kéwú?

IṢẸ́ KÌÍNÍ: WÀLÁÀ, TÀDÁWÀ ÀTI GÈGÉ

Ẹ lọ bá káfíńtà kí ó fún yín ní àjẹkù pákó pẹlẹbẹ, kí ó gé e kí ó tó ìwé ọmọ iléèwé, kí ó sì fi ọwọ́ ìmú sí i. Ẹ já ewé ìpín, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ha pákó náà títí yóò fi dán. Ewé yìí ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ ń lò kí pépà ìháko tó dé, ọ̀fẹ́ sì ni nínú igbó wa.

Fún tàdáwà, ẹ lọ èédú kúnná, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́. Olùkọ́ ni kí ó ṣe èyí, kí ọmọ má baà fa eruku rẹ̀ símú. Ẹ po sítáàṣì ẹ̀gẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná kí ó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Nígbà tí ó bá tutù, kí ọmọ da èédú sí i, kí ó máa rò ó títí yóò fi dúdú dáadáa. Tàdáwà yìí kì í pẹ́ kí ó tó kan, nítorí náà ìwọ̀n èyí tí ẹ ó lò ní ọjọ́ kan ni kí ẹ pò.

Olùkọ́ ni yóò gé gègé. Ẹ gé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó gùn tó báírò, ẹ gé ẹnu rẹ̀ ní dídagun, kí ẹ sì la ẹnu náà díẹ̀ ní àárín kí tàdáwà lè máa ṣàn. Bí ọmọ bá kọ ọ́ tán, kí ó fi omi àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́, kí ó sá a sí oòrùn. Bí ó bá jẹ́ gbólóhùn Alùkùránì ni a kọ, ẹ kọ́ ọ pé ibi mímọ́ ni a ń da omi rẹ̀ sí, irú bí ìdí igi, kì í ṣe inú gọ́tà. Ẹ̀kọ́ ìbọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun wà nínú fífọ wàláà nìkan.

IṢẸ́ KEJÌ: PÁÁLÍ ÀTI ÌDÉRÍ ÌGÒ

Nínú lẹ́tà méjìdínlọ́gbọ̀n (28) ti Lárúbáwá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (15) ni ó ní àmì tótò. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń ṣì wọ́n mú. Ẹ gé páálí kan ní ìrísí báà, kí ó rí bí ọkọ̀ ojú omi kékeré. Ẹ fún ọmọ ní ìdérí ìgò mẹ́ta tí a ti fọ̀. Bí ó bá fi ẹyọ kan sí ìsàlẹ̀, báà ni. Bí ó bá fi méjì sí òkè, táà ni. Bí ó bá fi mẹ́ta sí òkè, tháà ni. Ọkọ̀ kan ṣoṣo di lẹ́tà mẹ́ta lójú rẹ̀!

Lẹ́yìn náà ẹ gé ìrísí jíìmù: ẹyọ kan nínú ikùn rẹ̀ ni jíìmù, bí kò bá ní nǹkan kan, háà ni, bí ó bá wà ní òkè, kháà ni. Ẹ lè ṣe dáálì àti dháálì, ráà àti záì, síìnì àti ṣíìnì bákan náà. Ọmọ tí kò lè rántí ohun tí a kọ sí pátákó yóò rántí èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò.

IṢẸ́ KẸTA: ÌLẸ̀KẸ̀ RÁKÀ

Ẹ mú kàlẹ́ńdà tí ọdún rẹ̀ ti kọjá. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí orúkọ Ọlọ́hun tàbí gbólóhùn Alùkùránì lára rẹ̀. Ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀, kí orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, kí ó ká a mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀, kí ó fi sítáàṣì lẹ orí rẹ̀, kí ó sì fa ìgbálẹ̀ náà yọ. Ó ti di ìlẹ̀kẹ̀ kan nìyẹn.

Mẹ́tàdínlógún (17) ni a nílò, nítorí pé mẹ́tàdínlógún ni rákà ìrun ọ̀ranyàn ní ojúmọ́. Ẹ kùn wọ́n ní àwọ̀ márùn-ún: méjì fún Àsúbà, mẹ́rin fún Àyìlá, mẹ́rin fún Àlàásárì, mẹ́ta fún Màgàríbì, mẹ́rin fún Ìṣáì. Ẹ sín wọn sí okùn, kí ẹ sì ta kókó láàárín ìrun kan àti èkejì. Kí ọmọ gbé e kọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń kírun nínú ilé wọn. Yóò máa kọ́ àbúrò rẹ̀ ní iye rákà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

IṢẸ́ KẸRIN: BỌ́Ọ̀LÙ ÀKÍSÀ ÀÁWẸ̀

Èyí ni a fi ń rántí Rubayyi'. A kò ní irun àgùntàn púpọ̀ ní Ìlaró àti Ayétòrò, ṣùgbọ́n àjákù aṣọ kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹ fọ̀ wọ́n, kí ọmọ dì wọ́n rìbìtì, kí ẹ fi okùn wé e yíká, kí ẹ sì rán aṣọ aláràbarà bò ó. Ẹ ṣe é ní oṣù Ṣáábánì, kí ẹ sì gbé e pamọ́. Nígbà Ràmàdáánì, bí ọmọ kékeré bá gbìyànjú àbọ̀ ààwẹ̀, tí ọ̀sán sì pọ́n, ẹ mú un jáde fún un. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ jù, ẹ fún un ní oúnjẹ, nítorí pé ààwẹ̀ kò tíì di ọ̀ranyàn lé e lórí.

ÌKÌLỌ̀

1. Ọ̀bẹ, abẹ àti sísọ́ọ̀sì ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ọwọ́ àgbà ni kí wọ́n wà.

2. Ẹ má ṣe fi èso ojú ológbò ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fún ọmọ, bí ó ti wù kí pupa àti dúdú rẹ̀ dára tó. Májèlé ni. Bí ọmọ bá jẹ hóró kan ní àjẹfọ́, ó lè pa á.

3. Dúdú inú òkú bátìrì tí àwọn kan fi ń kun pátákó láyé àtijọ́ kò dára fún ọwọ́ ọmọdé. Èédú tó wa.

4. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdérí ìgò àti ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ìtòsí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kí ó má baà há a lọ́fun.

5. Ẹ má fi iṣẹ́ ọmọ kan bú ti èkejì. Bí wàláà rẹ̀ bá wọ́, ẹ yìn ín pé ó ṣe é.

6. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ gba gbogbo àsìkò. Ìdajì wákàtí tó, kí kíkà àti híhá sórí má baà dúró.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ FÚN Ẹ̀YIN ÒǸKÀWÉ

1. Ta ni ó gba hádíìsì ohun ìṣeré onírun àgùntàn wá, ààwẹ̀ wo ni wọ́n sì ń gbà?

2. Lẹ́tà mélòó ni ó ní àmì tótò nínú méjìdínlọ́gbọ̀n? Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀.

3. Ẹ mú ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́rin yìí, kí ẹ bá ọmọ kan ṣe é kí oṣù tó parí, ìbáà ṣe àbúrò yín tàbí ọmọ ará ilé yín.

Ẹ̀yin ará mi, mo ṣì ní páálí bàtà yẹn lọ́dọ̀, nítorí ìyá ọmọ náà fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n ń lọ. Bí mo bá ti ń bínú sí ọmọ tí kò gbé jẹ́ẹ́, mo máa ń wò ó. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi kì í ṣe ọmọ burúkú, iṣẹ́ ni ó ń wá.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní jíǹkí àwọn ọmọ wa, kí ó fún àwa olùkọ́ ní sùúrù, kí ó sì forí àṣìṣe wa jìn wá. Àmín.