Omi tútù ń ta mí léyín

Ìbéèrè: Ilé iṣẹ́ kan ní òpópónà Ọba Akran, Ìkẹjà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá ti mu pió wọ́tà tútù báyìí, eyín á ta mí dé ọpọlọ, á sì lọ lójú ẹsẹ̀. Ṣé kòkòrò ni?
Ìyá Ìbejì, Agége

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ó jọ pé ara eyín ló ṣí sílẹ̀. Lábẹ́ èèpo eyín tó ń dán, ihò tín-tìn-tín pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, omi ara sì wà nínú wọn. Tí èèpo bá jẹ tàbí erìgì bá fà sẹ́yìn, òtútù á mú omi yẹn sún lójijì, iṣan inú eyín á sì ké. Martin Brännström, ọmọ Sweden, ló ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí ní àwọn ọdún 1960.

Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n kọ “sensitive” sí. Ẹ tu ìfófó rẹ̀ dànù, ẹ má fi omi ṣan ẹnu, kí oògùn rẹ̀ lè ráyè ṣiṣẹ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìrora náà tó rọlẹ̀. Pákò kò burú, àmọ́ ẹ rún un kó rọ̀ dáadáa, ẹ má fi gbo erìgì. Lẹ́yìn mínírà tàbí ọsàn, ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó fọ eyín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán omi bátìrì sí eyín yín bí oògùn!

Tí ìrora bá ń pẹ́ kó tó lọ, tàbí tó ń jí yín lóru, ẹ lọ rí dókítà eyín ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú pẹ̀lú ibà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.