ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ilé Lady Ibiam ní Enugu

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọgbà Enugu ti Yunifásítì Nàìjíríà, ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí a fà lé yunifásítì náà lọ́wọ́ ní 1961, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà tí ń jẹ́ Lady Ibiam, orúkọ aya Sir Akanu Ibiam, oníṣègùn tí ó di Gómìnà Ẹkùn Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà láti 1960 títí di 1966. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìyàwó ilé Ibiam, Eudora Ọláyínká ni, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire. Ó wú mi lórí gidigidi pé lábẹ́ orúkọ ọmọ Odùduwà ni àwọn ọmọbìnrin tí ìyá wọn kò mọra rí ti ń jọ pín yàrá, tí wọ́n sì ń di ọmọ ìyá.