Mọ́tò Oníná Kì í Mu Epo, Ẹ̀yin Lẹ Ń Gbé Epo Fún Un

ÌBÉÈRÈ: Nissan Leaf ọdún 2012 ni mo ń gùn, tòkunbọ̀ ni. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni òórùn bẹntiróòlù ti ń yọ nínú rẹ̀, pàápàá tí mo bá tan éésì. Mẹkáníìkì mi ní bátìrì ló ń jò, kí n múra àtipààrọ̀ rẹ̀. Mo ti kọ́ pafúùmù mẹ́ta sínú ẹ̀, òórùn ò lọ. Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á fún mi ni? Kò sí nǹkan kan ní búùtù o, àfi kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ tí mo fi ń ṣáàjì ẹ̀ tí NEPA bá mú iná lọ. — Alhaja, Basin, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ bá mi sọ fún mẹkáníìkì yẹn pé kó fi bátìrì ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀. Kò sí ẹ̀kán bẹntiróòlù kan nínú bátìrì lithium. Bó bá jò lóòótọ́, òórùn rẹ̀ máa ń dùn díẹ̀, bíi ti ohun tí ẹ̀yin obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ irú ìyẹn, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jìnnà sí i, ẹ má ṣáàjì rẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa mọ́tò oníná. Àmọ́ òórùn bẹntiróòlù? Ọ̀dọ̀ bẹntiróòlù ló ti ń wá.

Ẹ ní kò sí nǹkan kan ní búùtù, àfi kẹ́ẹ̀gì. Àfi kẹ́ẹ̀gì kẹ̀! Kẹ́ẹ̀gì òróró tí à ń bu epo sí, ọmọrí rẹ̀ kì í dí dáadáa. Òòrùn Ìlọrin á mú búùtù gbóná, epo á máa sá jáde lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan dà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ epo yìí wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nítorí náà abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló ń rì sí. Búùtù Leaf kò sì ní ògiri láàárín òun àti ibi tí ẹ jókòó sí. Tí ẹ bá tan éésì, tí ẹ sì tẹ bọ́tìnì tó ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po, ẹ ń fa búùtù wá sí iwájú nìyẹn. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé nínú Leaf ọdún tiyín, ẹ̀yìn àga ẹ̀yìn ni wọ́n gbé chájà sí. Ẹ gbé epo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́!

Pafúùmù ńkọ́? Imú yín ni ọdẹ tó ń ṣọ́ yín nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ wá lọ fún un ní oògùn oorun. Ẹ yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sọ̀kalẹ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ gbé ọkọ̀ sí gbangba, níbi tí kò sí iná, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ má sì ṣáàjì rẹ̀ títí òórùn yóò fi lọ. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù, ẹ fi aṣọ funfun tẹ ibi gbogbo, ẹ máa gbọ́ òórùn aṣọ náà. Ibi tó bá ti ta imú jù, ibẹ̀ ni. Ẹ fi ọṣẹ fọ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ sá a sóòrùn, ẹ wá wọ́n báákìn sódà tí àwọn oníkéèkì ń lò sí i mọ́jú. Ẹ má da omi sínú búùtù, aṣọ tútù lẹ ó fi nù ún. Fóòmù tó bá ti mu epo yó kò ní oògùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ fíltà éésì náà. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín kò jẹ̀bi, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an wá kù. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo wa là ń sá fún ilé epo. Ẹ sá títí ẹ fi ra mọ́tò tí kì í mu epo, ẹ wá ń gba ẹ̀yìn fi epo sí i lẹ́nu! Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré, lítà kan kì í sábà ju yúníìtì iná méjì lọ. Yúníìtì kan ń gbé Leaf rin kìlómítà márùn-ún sí mẹ́fà. Lítà kan di kìlómítà mẹ́wàá sí méjìlá, Corolla lásán sì ń rìn bẹ́ẹ̀ láìsí ariwo jẹnẹrétọ̀ lójú fèrèsé, láìsí èéfín rẹ̀ tó ń pa odidi ìdílé mọ́jú. Ẹ rántí ariwo tí a pa ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 nígbà tí wọ́n gbé owó yúníìtì iná NEPA fún àwọn tó wà ní Band A sí 225 náírà. Síbẹ̀, yúníìtì méjì ní iye yẹn kò tó owó lítà bẹntiróòlù kan lónìí.

Tí NEPA kò bá ṣeé gbọ́kàn lé, òòrùn ṣeé gbọ́kàn lé. Páńẹ́lì sólà kìlówáàtì méjì lè mú nǹkan bíi yúníìtì mẹ́jọ wá lọ́jọ́ tí òòrùn bá mú dáadáa. Ìyẹn tó yín lọ sọ́jà kẹ́ ẹ sì padà sí Basin, kó tún ṣẹ́kù. Tí ẹ bá tún máa kọ̀wé sí mi, Alhaja, iye páńẹ́lì tó wà lórí òrùlé yín ni mo fẹ́ kà níbẹ̀.