Ọ̀rọ̀ Rere Ní Í Yọ Obì Lápò

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Onígbàgbọ́ tó bá fẹ́ fi ẹnu rẹ̀ jẹ́rìí Jésù ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó l'Ékòó kò gbọdọ̀ gbàgbé òwe yìí, nítorí ilé fara kanlé níbẹ̀.

Ìdájí ni oníwàásù ń gbé mẹ́gáfóònù jáde. Ó lu agogo, irú èyí tí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá náà lù kiri láyé rẹ̀, ó ní kí ayé ronú pìwà dà. Ọ̀rọ̀ náà dára. Àmọ́ nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru ṣẹ̀ṣẹ̀ gbórí lé ìrọ̀rí lẹ́yìn fèrèsé yẹn ni, ọmọ ọwọ́ yàrá kejì sì ti ta jí, ó ń ké. Kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ Jésù, inú ti bí wọn.

Òfin pàápàá wà níbẹ̀. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 45 ni LASEPA, àjọ tó ń rí sí àyíká l'Ékòó, fàyè gbà lóru ládùúgbò tí èèyàn ń gbé. Ohùn ẹni méjì tó ń tàkùrọ̀sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2016, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sálásí 20 pa nítorí ariwo.

Kí wá ni ṣíṣe? Ká wo Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tó padà di bíṣọ́ọ̀bù. Ní January 9, 1844, ní Freetown, ó wàásù ní Yorùbá fáwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀. Èdè ìyá wọn dé inú ìsìn, wọ́n sì ń dáhùn pé, "Kó ṣẹ!" Ọdún 1846 ló tún fojú kan ìyá rẹ̀ l'Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà. Síbẹ̀, 1848 ni ìyá náà tó ṣèrìbọmi. Bí ìyá bíṣọ́ọ̀bù lọ́la bá gba ohun tó lé lọ́dún kan, kí ló dé tí a fi ń kanjú mọ́ aládùúgbò?

Ẹ jẹ́ kí ìyá oníṣọ́ọ̀bù pàtẹ tán. Ẹ kí i, ẹ ra ọjà, ẹ béèrè ọmọ. Tó bá jẹ́ Ìgbò, tí ẹ sì gbọ́ èdè rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi kí i. Ẹ sọ ohun kan péré tí Ọlọ́run ṣe fún yín, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ má bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Nínú dáńfó, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ dírẹ́bà àti èrò. Bí wọ́n bá ní ó tó, ó tó.

Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé mẹ́gáfóònù jáde lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ojúlé méjì mẹ́ta lónìí, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n máa ń sùn.