Onígbọ̀wọ́ igbó kì í ṣe onílẹ̀

Bí àwọn ará òkèèrè bá dáwó jọ kí wọ́n má bàa gé igbó kan lulẹ̀, àwọn kan a ní wọ́n "ra igbó". Ọ̀rọ̀ yẹn kò péye. Lọ́dún 1987, àwọn ọmọ ilé-ìwé kékeré kan ní ìgbèríko Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó nítorí igbó Monteverde ní Costa Rica. Àwọn ọmọdé láti ilẹ̀ mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn. Igbó náà, Bosque Eterno de los Niños, ìyẹn Igbó Ayérayé Àwọn Ọmọdé, ti lé ní 22,000 hẹ́kítà báyìí. Síbẹ̀ kò sí ọmọ Sweden kankan tó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ kan ní Monteverde ló ni ín, òun ló sì gba àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń lé ọdẹ àti agégẹdú.

Kí wá ni ká pe ẹni tó dáwó? Alágbàtọ́ kọ́: ilé alágbàtọ́ lọmọ ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jẹun. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló lorúkọ yẹn. Agbátẹrù dùn létí, àmọ́ rédíò ti sọ ọ́ di ti ẹni tó sanwó ètò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, igi kì í sì í dàgbà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Onígbọ̀wọ́ ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ wúwo ju bí a ti ń lò ó lónìí lọ. Láyé àwọn baba wa, bí ajigbèsè bá sá, ọrùn onígbọ̀wọ́ ni gbèsè ń bọ́ sí. Ibí gan-an ló ti bá ọ̀rọ̀ kírẹ́díìtì kábọ́ọ̀nù mu, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ń rà lórí igbó. Kírẹ́díìtì kan dúró fún tọ́ọ̀nù kan afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí igbó gbà mọ́ra, tàbí tí a kò jẹ́ kó jáde. Iléeṣẹ́ tó rà á á wá ní òun ti fi dí èéfín tòun. Bí iná bá jó igbó náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ńkọ́? Kábọ́ọ̀nù padà sókè, gbèsè sì wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ètò kan fi ń yọ kírẹ́díìtì díẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọn kì í tà á, nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì pe kábọ́ọ̀nù yìí ní "afẹ́fẹ́ olóró". Òun ni ewé fi ń ṣe oúnjẹ. Àpọ̀jù rẹ̀ lófuurufú ló ń mú ayé gbóná.

"Gbin igbó" ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbin igi gmelina. Ẹgàn, igbó tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí rí, dídá sí là ń dá a sí, bí wọ́n ti ń dá ẹni tí ogun kó sí.

Costa Rica tún ní ètò mìíràn tí kò sí onígbọ̀wọ́ nínú rẹ̀ rárá. Òfin igbó tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996 ní kí ìjọba máa sanwó fún onílẹ̀ tó bá dá igbó rẹ̀ sí, owó orí epo mọ́tò sì wà lára ibi tí owó náà ti ń wá. Iṣẹ́ mẹ́rin ni òfin náà gbà pé igbó ń ṣe: ó ń gba kábọ́ọ̀nù mọ́ra, ó ń dáàbò bo omi, ó ń ṣe ibùgbé fún ẹranko àti ewéko, ó sì ń bu ẹwà kún ilẹ̀. Owó iṣẹ́ ni kí ẹ pe ìyẹn. Ẹ má pè é ní ìrànwọ́.