Ohùn Tí Kò Ní Èkejì: Bí A Ṣe Lè Gbé Ohùn Inú Kásẹ́ẹ̀tì àti Àwo Àtijọ́ Sínú CD Nílé



ÌDÍ Ẹ̀KỌ́: Kí olúkúlùkù wa lè mọ ohùn tó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbà là nínú ilé rẹ̀, kí ó sì mọ bí yóò ṣe ṣe é.

1. OHUN TÓ FA Ọ̀RỌ̀ YÌÍ
Nígbà tí mo ń palẹ̀ yàrá mọ́ nílé wa ní Mọ́níyà, mo fa páálí kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá àti àwo mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, eruku sì ti bò wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà ni èyí tí a fi gba ohùn ìyá mi lọ́jọ́ tí a sọ àkọ́bí mi lórúkọ, tí màmá ń ki ọmọ náà láti ìdílé bàbá dé ti ìyá. Màmá ti lọ sinmi. Ayọ̀ pọ̀ fún mi débi pé n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú rédíò àtijọ́ kan tí a kò lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohùn màmá jáde, mo pariwo, mo pe àwọn ọmọ. Kí wọ́n tó dé, rédíò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù. Nígbà tí mo máa fi fà á jáde, ó ti rún wómúwómú. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú oríkì náà kò tó ìdajì.

Àwọn àwo orin tí a fowó rà lọ́jà wà níbẹ̀, ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Èyí tí kò ní èkejì ni mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́.

2. ÈWO NI KÍ A KỌ́KỌ́ GBÉ?
Ẹ pín ohun tó wà nínú páálí yín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni orin tí gbogbo ayé ní. Bí àwo “Ọdún ń lọ sópin” ti C.A.C. Good Women Choir ti Ìbàdàn bá fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lónìí, ẹ ó rí i gbọ́ lọ́la lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀nà kejì ni ohùn tí ilé yín nìkan ní: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkórè, ìwàásù àlùfáà tó ti kọjá lọ, lẹ́tà tí ọmọ fi ohùn sọ láti òkè òkun. Ọ̀nà kejì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ti ọjà lè dúró.

Ẹ wo Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá. Ní ọdún 1922 ó kọ orin sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n a ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ̀ lónìí, nítorí pé àwọn kan tọ́jú àwo náà, wọ́n sì gbé ohùn inú rẹ̀ sínú ohun ìgbàlódé. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá tiyín, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

3. OHUN TÓ Ń PA WỌ́N
Ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde. Ọ̀já rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀, tí a fi àtè lẹ ìyẹ̀fun irin mọ́. Ara ìyẹ̀fun yìí ni ohùn wà. Ooru, ọ̀rinrin àti eruku a máa ba àtè náà jẹ́. Mágínẹ́ẹ̀tì a máa pa ohùn náà rẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe gbé kásẹ́ẹ̀tì lé orí sípíkà. Àwo ní tirẹ̀ a máa tẹ̀ bí oòrùn bá pa á, bí a bá sì tò wọ́n lé ara wọn. Òòró ni kí ẹ máa gbé àwo dúró.

4. BÍ A Ó ṢE ṢE É
(a) Ẹ fi òwú àti sípíríìtì díẹ̀ nu orí irin tí téèpù ń gbà kọjá nínú rédíò, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ.
(b) Kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní láárí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán rédíò wò fún bíi wákàtí kan. Ká ní mo ṣe èyí ni, oríkì màmá ì bá ṣì pé.
(d) Ẹ ṣẹ́ etí kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ohùn mìíràn lé e. Bí téèpù bá dẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù ká a le.
(e) Ẹ fi wáyà so ihò íàpíìsì rédíò mọ́ ihò tí ohùn ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá ní irú ihò bẹ́ẹ̀, ohun èlò kékeré kan wà tí a ń ki bọ ihò USB. Ẹ má ṣe so wáyà sípíkà amplifáyà mọ́ kọ̀ǹpútà láéláé, yóò bà á jẹ́.
(ẹ) Ẹ lo Audacity, tí a kì í sanwó fún. Ẹ dín ohùn kù títí ilà tó ń fò lójú kọ̀ǹpútà kò fi ní kan òpin. Bí ẹ bá ń gbọ́ híhùn, ẹ yọ ṣájà, kí láptọ́ọ̀pù máa lo bátìrì rẹ̀. Èyí yóò tún gbà yín lọ́wọ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀.
(f) Ẹ jẹ́ kí téèpù sọ̀rọ̀ tán. Kò sí àbùjá níbí: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan yóò gba wákàtí kan. Ẹ fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi WAV kí ẹ tó gé ohunkóhun kúrò.
(g) Ẹ ra CD-R, kì í ṣe CD-RW tí a lè pa rẹ́. “Audio CD” ni kí ẹ yàn. Ìṣẹ́jú 80 ni ọ̀pọ̀ CD ń gbà: kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 60 yóò wọ inú ẹyọ kan, ti 90 yóò gba méjì.

Ní ti àwo, ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín rẹ̀. Àwo àtijọ́ tó wúwo, tó sì ń fọ́ bí àwo oúnjẹ, ẹ má fi sípíríìtì kàn án, yóò jẹ ẹ́. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ohùn tó ń ti abẹ́rẹ́ jáde kéré, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó gba inú amplifáyà kọjá, láti ojú ihò tí a kọ “Tape Out” sí, kí ó tó dé kọ̀ǹpútà.

Bí iṣẹ́ yìí bá kà yín láyà, ẹ pe ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà kí ó jókòó tì yín. Bí ẹ bá ní láti gbé e fún oníṣẹ́, ẹ jókòó títí yóò fi parí.

5. CD NÁÀ KÌ Í ṢE ÒPIN
CD tí a fi ọwọ́ ara wa kọ lè ṣá bí oòrùn bá ń pa á, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun kò sì ní ojú CD mọ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan sínú fláàṣì, kí ẹ sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà ní ìlú mìíràn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ibi àti ọdún sí i, nítorí pé ọmọ-ọmọ yín kò ní mọ ohùn ta ni. Ẹ má sì ju kásẹ́ẹ̀tì náà nù.

Ìdajì oríkì màmá mi tó ṣẹ́ kù ti wà ní ọwọ́ ọmọ mẹ́rin báyìí. Ó kéré, ṣùgbọ́n kò tún ní sọnù mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Ohùn ta ni ó wà nílé yín tí kò sí níbòmíràn?
2. Kí ni ìdí tí a fi ń tọ́jú ohun tí a fowó rà ju èyí tí kò ṣeé rà lọ?
3. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa ni rédíò kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ṣì dára, tí ó lè yá àwọn yòókù?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí olúkúlùkù mú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, èyí tí kò ní èkejì.