PETER WENTWORTH, ẸNI TÍ Ó SỌ ÒTÍTỌ́ NÍWÁJÚ ÌGBÌMỌ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìgbésí ayé ọkùnrin kan wò, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ sí lára.

Peter Wentworth jẹ́ ọlọ́lá onílẹ̀ kan ní Lillingstone Lovell, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìn-ín-ní. Ní ọdún 1571 ni ó kọ́kọ́ wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Nígbà náà, bí ọ̀ràn kan bá wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ a máa wọlé pé inú Ọbabìnrin kò dùn sí i. Olúkúlùkù a sì pa ẹnu mọ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Fẹ́búárì, 1576, Wentworth dìde. Ó wí pé ilé tí a kò ti lè sọ̀rọ̀ ní òmìnira kì í ṣe ilé ìgbìmọ̀ mọ́, bí kò ṣe ilé àwọn apọ́nni. Ó ní kò sí ẹni tí kò ní àbùkù, Ọbabìnrin pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n dá a dúró kí ó tó parí ọ̀rọ̀, àwọn tìkára wọn ni ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Ilé-Ìṣọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ó lé ní oṣù kan kí Ọbabìnrin tó dá a sílẹ̀.

Kí a má ṣe rò pé kò mọ ẹ̀rù. Nígbà tí a bi í léèrè, ó jẹ́wọ́ pé bí òun ti ń ro ọ̀rọ̀ náà ni ọkàn òun ti sọ fún òun pé ẹ̀wọ̀n ni yóò gbé òun dé. Síbẹ̀ ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó pa á rẹ́.

Ní 1593, nítorí ó fẹ́ kí Ọbabìnrin, tí kò bímọ, dárúkọ ẹni tí yóò jọba lẹ́yìn rẹ̀, a tún tì í mọ́ Ilé-Ìṣọ́. Aya rẹ̀, Elizabeth, bá a gbé níbẹ̀, ó sì kú síbẹ̀ ní 1596. Òun náà kú síbẹ̀ ní 1597. Ní 1689, lẹ́yìn ọdún 92, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí ó sọ nínú Ilé Ìgbìmọ̀.

Kí ni a rí kọ́? Wentworth kò kórìíra ọba rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ni ni í sọ òtítọ́ fúnni. Ẹ sì kíyè sí i pé, ní 1576, kì í ṣe ọwọ́ ọba ni ó kọ́kọ́ bò ó lẹ́nu, bí kò ṣe ọwọ́ àwọn tí wọ́n jọ jókòó. Ǹjẹ́ àwa tí a ń jókòó nínú ìgbìmọ̀, ẹnu wa ha ń sọ ohun tí ọkàn wa mọ̀ bí? Bí ẹlòmíràn bá sì sọ ọ́, àwa ha ń jẹ́ kí ó sọ ọ́ parí?